Ṣé DNA lè jẹ́rìí sí àjàrà tí wọ́n fi pọn wáìnì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ilé ìtajà ọtí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Oníbàárà kan gbé ìgo wáìnì tí wọ́n kọ Merlot sí lára, ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀ pé àjàrà Merlot ni wọ́n fi pọn ọ́n, n kò sì rí èsì fọ̀. Ṣé ẹ̀kán wáìnì kan kò tó fi ṣe àyẹ̀wò DNA, bí wọ́n ṣe ń fi itọ́ mọ bàbá ọmọ?

ÌDÁHÙN: Àyẹ̀wò náà wà, ṣùgbọ́n inú ìgo ni ibi tí ó ti ṣòro jù lọ. DNA pọ̀ nínú ewé tútù àti nínú omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára èso. Àmọ́ bí omi náà ti ń di ọtí, DNA àjàrà a máa já sí wẹ́wẹ́, a bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ àgbá, asẹ́ a sì gba púpọ̀ nínú ìyókù, nígbà tí DNA ìwúkàrà tí ó sọ omi náà di ọtí tún ń dàpọ̀ mọ́ ìwọ̀nba tí ó kù.

Lára ewé ni ọ̀rọ̀ ti ń já geere. Ní 1997, Carole Meredith àti John Bowers ní Yunifásítì Kalifọ́níà tí ó wà ní Davis fi hàn pé ọmọ Cabernet Franc dúdú àti Sauvignon Blanc funfun ni Cabernet Sauvignon. Ní Ọsirélíà, àwọn àgbẹ̀ ń gbin igi tí wọ́n gbà pé Albariño ti Sípéènì ni, kí DNA tó sọ ní 2009 pé Savagnin ni.

Merlot pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ta Carmenère ní orúkọ Merlot ní Ṣílè. Ojú ni Jean-Michel Boursiquot, onímọ̀ àjàrà ará Faransé, fi dá a mọ̀ lóko ní 1994. Ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé Carmenère a máa pọ́n díẹ̀, ti Merlot a sì máa funfun.

Ẹ má sì gbàgbé pé òfin Yúróòpù gbà kí wọ́n kọ Merlot nìkan sára ìgo bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún bá ti jẹ́ Merlot, nítorí náà bí àyẹ̀wò bá tilẹ̀ bá àjàrà mìíràn níbẹ̀, kò tíì di ẹ̀tàn.

Ìwé ìkórè àti ìwé títà ni èmi yóò kọ́kọ́ béèrè. Ní 2010, ilé ẹjọ́ ní Carcassonne, ní Faransé, dá ènìyàn 12 lẹ́bi nítorí ayédèrú Pinot Noir tí wọ́n tà sí Amẹ́ríkà. Ohun tí ó tú wọn fó ni pé Pinot Noir tí wọ́n tà pọ̀ ju èyí tí agbègbè náà ń kórè lọ. Merlot tí oníbàárà yín ń ṣiyèméjì sí wà lára ohun tí wọ́n rọ sínú ìgo wọ̀nyẹn.