Ṣé kí n tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú Elden Ring, àbí kí n pa á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tanke ni mò ń gbé, ní Ìlọrin níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Elden Ring sórí PS4 mi. Ó di ọjọ́ kẹrin lónìí tí Margit, ọ̀gá ọ̀tá kan nínú géèmù náà, ti ń lù mí bí ẹni lu bàrà. Àbúrò mi tó wà ní Òmù-Àrán ti ta géèmù náà parí. Ó ní kí n tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí òun wọlé wá bá mi pa á. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní bí mo bá fi ọwọ́ ẹlòmíì pa á, mo ti ba géèmù náà jẹ́ mọ́ ara mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Hotspot fóònù ni mò ń lò, ṣé ó lè gbé e?

ÌDÁHÙN: Ẹ tan án, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pe àbúrò yín.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ò tako ara wọn. Ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní online nínú géèmù yìí, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n dì pọ̀: ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíì ń kọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, alábàárìn tí ẹ ń pè wá ràn yín lọ́wọ́, àti ọ̀tá tó ń já wọ ayé yín láti wá pa yín. Ẹni tó bá sọ pé online ń ba géèmù jẹ́, ẹ bi í pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹnikẹ́ni tó ń ta géèmù náà lè mú nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún un, kó fi ṣe gbólóhùn kékeré, kó sì fi í sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Yóò máa tàn nílẹ̀ nínú ayé tiyín náà: ẹ ṣọ́ ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ wà níwájú, ẹ má fi iná jà níbí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ óò máa rí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, òjìji pupa ẹni tó kú síbẹ̀ á dìde, á sì fi bó ṣe rìn ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ hàn yín. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n tó pọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn kan, ẹ dúró ná, nǹkan kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Òpùrọ́ náà ò gbẹ́yìn níbẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sí etí ọ̀gbun pé kí ẹ bẹ́ sísàlẹ̀, ìṣúra wà níbẹ̀, ikú ló sì wà níbẹ̀. Kí ẹ tó bẹ́, ẹ ju òkúta aláwọ̀ òṣùmàrè tí wọ́n ń pè ní Rainbow Stone sísàlẹ̀. Bó bá fọ́, ibẹ̀ á pa yín. Bó bá balẹ̀ tó sì ń tàn, ẹ lè bẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ máa kọ òótọ́ sílẹ̀, nítorí ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ dára, ẹ̀jẹ̀ yín á kún padà lójú ẹsẹ̀, ibi yòówù kí ẹ wà. Ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là láàárín ìjà.

Apá yìí kì í ba ohunkóhun jẹ́. Kì í dín agbára Margit kù, kì í fi kún tiyín. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀yin nìkan ni ìyà ń jẹ. Hidetaka Miyazaki, ẹni tó darí Demon's Souls ní 2009 níbi tí ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀, ti sọ ibi tí èrò náà ti wá. Òkè kan ni, yìnyín bo ojú ọ̀nà, ọkọ̀ ò lè gùn ún mọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn wá ń fi ọkọ̀ tiwọn ti èyí tó wà níwájú, títí ìyẹn fi gun òkè náà tó sì bá tirẹ̀ lọ, láìsí pé ẹnì kan mọ orúkọ ẹnì kejì. Ẹni tó bá ti bá wọn ti dánfó nínú ẹrẹ̀ rí mọ irú àánú yẹn dáadáa.

Ti alábàárìn ló gba àlàyé. Margit ò ní ju ojú méjì lọ. Bó bá kọjú sí àbúrò yín, ẹ̀yin lè mu oògùn inú ìgò yín, ẹ lè mí, ẹ sì lè gbá a lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n géèmù náà ń gba owó rẹ̀ padà. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá tí ẹ fẹ́ pa máa ń pọ̀ sí i fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá pè. Ìdajì ìgò ni alábàárìn máa ń gbé wá. Bí èèyàn bá ti wà pẹ̀lú yín, ẹ ò lè pe iwin inú eérú tó ń bá yín jà mọ́, ẹ ò lè gun ẹṣin, ẹ ò sì lè jókòó sinmi níbi ìmọ́lẹ̀ Site of Grace. Bó bá tún wá kú ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ọ̀gá tó ti sanra nítorí ẹni méjì lẹ máa dá kojú.

Ibi tí ọ̀rẹ́ yín ti ní òótọ́ ni mò ń bọ̀ yìí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fi Margit síbẹ̀ ṣe. Á gbé ọ̀pá sókè, á dá a dúró sókè, ẹ̀yin á ti sáré yí gbirigbiri, ìgbà tí ẹ bá dìde ni ọ̀pá á ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ yéé yí nígbà tí apá bá gòkè, kí ẹ máa yí nígbà tí apá bá ń bọ̀. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yìí lẹ ó máa lò dé òpin géèmù náà. Bí ẹni tó ti parí rẹ̀ bá wá bá yín pa á láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ó wọ ilé Godrick, ọ̀gá tó tẹ̀lé Margit, láìmọ ẹ̀kọ́ yìí, ìyà tó yẹ kí ẹ ti jẹ tán lẹ́nu ọ̀nà á wá bá yín nínú ilé. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ òfì ní Ìlọrin yìí mọ̀ ọ́n: bí ọ̀gá bá jókòó sídìí òfì hun aṣọ náà tán, aṣọ ti dé, ọwọ́ ọmọ ò tíì mọ ọ̀kọ̀ í jù. Ohun tí ìrànlọ́wọ́ àtètèdé ń bà jẹ́ nìyẹn, òun ni mo sì kà sí pàtàkì ju ọ̀rọ̀ iyì ta ló dá a pa lọ.

Nítorí náà, báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ fi Margit sílẹ̀ ná, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tètè débẹ̀ jù. Ẹ rìn ká Limgrave, ilẹ̀ tí géèmù náà ti bẹ̀rẹ̀, títí ẹ ó fi dé ipele ogún tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lo tábìlì alágbẹ̀dẹ tó wà ní Church of Elleh láti gbé ohun ìjà yín dé +3. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, tí ẹ bá ti gba ẹṣin, ẹ padà lọ ní alẹ́. Obìnrin kan á wà níbẹ̀ tó máa fún yín ní agogo tí ẹ ó fi máa pe iwin, àti eérú ìkookò. Ìkookò mẹ́ta wọ̀nyẹn kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń fa ojú Margit bí èèyàn ṣe ń fà á. Nínú Murkwater Cave, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Patches ń ta Margit's Shackle ní rune 5,000 (rune ni owó inú géèmù náà). Ó ń de Margit mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àmì wúrà tí ẹ lè fi pe jagunjagun kan tó ń jẹ́ Rogier náà wà nílẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà Margit. Géèmù fúnra rẹ̀ ló ń darí òun, kì í ṣe èèyàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá kojú rẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó má jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí ọwọ́ tó ti rẹ̀ kì í kọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ìdajì ní ìgbà mẹ́ta nínú márùn-ún, ẹ ti mọ ìwà rẹ̀. Ẹ wá pe àbúrò yín, kò sí ohun tó máa bàjẹ́ mọ́.

Bí ẹ ṣe máa pè é: nínú àkójọ Multiplayer, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ̀yin méjèèjì kọ Multiplayer Password kan náà, lẹ́tà nílá nílá, kékeré kékeré. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Láìsí i, géèmù á wo ipele yín àti ohun ìjà yín, bí wọ́n bá jìnnà síra, ẹ ò ní ríra yín. Bó bá wà níbẹ̀, á jẹ́ kí ẹ pàdé, á sì rẹ agbára àbúrò yín sílẹ̀ kó bá tiyín mu. Kí òun fi ohun èlò tí wọ́n ń pè ní Tarnished's Furled Finger kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà Margit. Kí ẹ̀yin lo Furlcalling Finger Remedy kan. Òdòdó Erdleaf méjì lẹ fi ń ṣe é, tí ẹ bá ti ra Crafting Kit lọ́wọ́ Kalé, oníṣòwò inú Church of Elleh, ní rune 300. Àmì wúrà á yọ, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé kó gbé apata, kó máa fa ojú Margit, kó jẹ́ kí ẹ̀yin máa gbá a. Alábàárìn tó mọ iṣẹ́ ló mọ bí a ti ń fà sẹ́yìn.

Ọ̀tá tó ń já wọlé ò gbọdọ̀ dẹ́rù bà yín. Nínú Dark Souls III ti 2016, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti lo Ember, ohun èlò tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ yín, ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún wọn, bí ẹ tilẹ̀ dá wà. Nínú Elden Ring, wọn ò lè wọlé àfi tí alábàárìn bá wà lọ́dọ̀ yín, tàbí tí ẹ bá fi Taunter's Tongue pè wọ́n fúnra yín. Owó ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n jẹ́. Bí ọ̀kan bá wọlé, ẹ má lé e. Àwọn ẹran burúkú inú ayé yín kì í bá a jà, àárín wọn ló sì máa sá gbà. Ẹ dúró síbi tí ẹ ti pa wọ́n tán, kó wá bá yín.

Ọ̀rọ̀ hotspot: ó lè gbé e, dátà tí ìjà ń jẹ ò tó nǹkan. Update ló ń jẹ dátà. Nínú Settings PS4, ẹ lọ sí System, kí ẹ pa Automatic Downloads. Bí PS4 yín bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ tó nípọn, kì í rí 5GHz, nítorí náà ẹ yí hotspot sí 2.4GHz. Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ ni NAT, ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń pinnu bóyá ẹ̀rọ méjì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ lọ sí Settings, Network, Test Internet Connection. Bó bá kọ Type 2, ẹ ti dé. Bó bá kọ Type 3, tí ti àbúrò yín náà jẹ́ Type 3, àmì lè yọ, kí ó má sì wọlé, nítorí ẹ̀rọ yín àti tirẹ̀ ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà nínú ìjà. Kí ẹnì kan nínú yín gbìyànjú síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń mì nírọ̀lẹ́ tí ẹ sì dá wà, nínú àkójọ géèmù náà fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí System, Network, Launch Setting, kí ẹ yan Play Offline kí ó má baà lé yín jáde láàárín ìjà. Ẹ rántí pé kò sí bọ́tìnnì ìdádúró nínú géèmù yìí, ì báà jẹ́ offline. Bí NEPA bá ń ṣe ségesège, ẹ má wọ ẹnu ọ̀nà ọ̀gá láìsí inverter.

PlayStation Plus lẹ máa fi lè pe èèyàn lórí PS4, káàdì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí ẹ fi ṣí àkáǹtì yín. Ẹ ra ti oṣù kan péré. Kí ẹ tó náwó yẹn rárá, ẹ bi àbúrò yín irú ẹ̀rọ tó ń lò. PS4 àti PS5 máa ń pàdé. Bó bá jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà tàbí Xbox ló ti ta tirẹ̀ parí, kò sí bí ẹ ṣe lè ríra yín nínú géèmù náà.