Àgékù búráùn tó kún àpò: bí ẹ ṣe lè fi rán aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, lápá Tákíé. Àgékù ankárá kún àpò ìrẹsì méjì ní ṣọ́ọ̀bù mi, búráùn ló sì pọ̀ jù nínú wọn, torí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń ṣa èyí tó tàn, wọ́n á fi búráùn sílẹ̀. Mo fẹ́ fi wọ́n rán aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì alámùúlẹ̀mọ́ra fún bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4½. Mo ti rán bùlọ́ọ̀kù 6 wò, ìyẹn àwọn ègé onígun mẹ́rin tí a óò so pọ̀ di aṣọ náà. Ṣe ni wọ́n rí bí ẹrẹ̀, méjì sì ká sókè bí etí ewé tó ń gbẹ. Ṣé kí n kúkú da búráùn yìí nù ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dà á nù. Búráùn kọ́ ló ba iṣẹ́ yín jẹ́. Sányán tí à ń pè ní baba aṣọ, ṣebí irú àwọ̀ yẹn náà ni? Kò sẹ́ni tó rí i lára ọkọ ìyàwó tó pè é ní ẹrẹ̀. Ohun tó ń sọ búráùn di ẹrẹ̀ ni pé àwọn aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mọ́ jù ú lọ, wọn kò sì ṣú jù ú lọ. Pupa tó ti ṣá, àwọ̀ ewé tó wọ́lẹ̀, àlùkò: ẹ fi wọ́n sínú bùlọ́ọ̀kù kan náà pẹ̀lú búráùn, ojú kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo ẹ̀kú eégún dáadáa mọ ohun tí mò ń sọ. Aṣọ tí kò bára mu rárá ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ ojú ń rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, torí pé ẹni tó rán an fi etí pupa tàbí èyí tó mọ́ ya wọ́n sọ́tọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú àlùmọ́gàjí, ẹ da àpò méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ pín in sí òkìtì mẹ́ta: èyí tó mọ́, èyí tó wà láàárín, èyí tó ṣú. Ẹ má wo àwọ̀ o, mímọ́ àti ṣíṣú ni kí ẹ wò. Òdòdó àti ilà ara ankárá máa ń tan ènìyàn, torí náà ẹ tò wọ́n sílẹ̀, ẹ fi fóònù ya fọ́tò wọn, kí ẹ wá sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Níbẹ̀ ni ẹ óò ti rí i pé búráùn tó dà bí kọfí ṣú tó aró, èyí tó dà bí àkàrà wà láàárín, èyí tó dà bí gààrí tí a fi epo yan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tó yẹ́lò. Búráùn kan ṣoṣo tí ẹ ń rí yẹn, mẹ́ta ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ra aṣọ kan tí yóò wà nínú gbogbo bùlọ́ọ̀kù láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Èmi yóò mú funfun tó dà bí ẹ̀kọ tútù, kì í ṣe funfun báláú, torí funfun báláú máa ń jẹ́ kí búráùn dà bí ohun tó dọ̀tí. Aṣọ yìí ni yóò gba àárín bùlọ́ọ̀kù kọjá láti igun dé igun. Yáàdì kan àtààbọ̀ ti tó, bí aṣọ náà bá fẹ̀ ní ínǹṣì 45: ẹ gé e ní ínǹṣì 2 ní ìbú aṣọ, kí ẹ dá ọ̀já kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta tó gùn ní ínǹṣì 14½. Ọ̀já 24 yóò fún yín ní 72.

72 ni iye bùlọ́ọ̀kù tí ẹ nílò. Bẹ́ẹ̀dì yín gùn ní ínǹṣì 72, ó fẹ̀ ní 54. Bí ẹ bá fẹ́ kí aṣọ wọ́ sílẹ̀ ní ínǹṣì 9 lọ́tùn-ún, lósì àti níbi ẹsẹ̀, ó di 81 sí 72. Bùlọ́ọ̀kù tó bá jẹ́ ínǹṣì 9 lẹ́yìn tí a bá rán an pọ̀ tán yóò jẹ́ 9 ní gígùn, 8 ní fífẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fífọ̀. Aṣọ tí omi kò tíì kàn rí yóò sún kì tí ẹ bá fọ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì náà nígbà àkọ́kọ́, èyí tó ti sún kì tẹ́lẹ̀ kò sì ní tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ojú aṣọ ti máa ń hunjọ. Ẹ kó àgékù sínú àpò ìrọ̀rí, ẹ so ẹnu rẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí òwú etí wọn má baà lọ́ mọ́ra. Pupa àti adìrẹ aláró ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ fi àkísà funfun tó tutù nù wọ́n; bí àwọ̀ bá yọ, ẹ tún un fọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Iyọ̀ àti fínígà tí àwọn kan ń dà sómi kò lè mú àwọ̀ dúró lára aṣọ tí wọ́n ti pa láró tán. Omi púpọ̀ ló ń yọ èyí tó kù lórí.

Bí kò bá dá yín lójú pé òwú ni àgékù kan, ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ, ẹ fi ìṣáná sun ún. Òwú ń jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́ yín. Polísítà ń yọ́, ó ń rú èéfín dúdú, ó sì ń di kóró líle tí ìka kò lè fọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò, torí gbígbóná áyọ́ọ̀nù tí òwú nílò yóò ká a jọ. Àgékù aṣọ òkè náà, ẹ má fi í sí i; ó nípọn ju ankárá lọ, etí rẹ̀ sì ń tú. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ìrọ̀rí.

Wàyí o, rírán. Aṣọ abẹ́ ló ń di bùlọ́ọ̀kù mú: bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àlòkù tó jẹ́ òwú ni kí ẹ lò. Ẹ gé e sí ínǹṣì 10 sí 10. Èyí tó fẹ̀ ní ínǹṣì 90 yóò fún yín ní 9 lórí ìlà kan, ìlà 8 sì ti pé 72. Ẹ tẹ́ ọ̀já funfun sórí rẹ̀ láti igun dé igun, ojú rẹ̀ sókè. Ẹ mú ọ̀já kan tí ẹ gé lára àgékù tó ṣú, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí funfun náà, kí etí méjèèjì ṣe rẹ́gí, ẹ rán an ní ìdá mẹ́rin ínǹṣì sí etí. Ẹ ṣí i, ẹ fi èékánná tẹ ojú ìrán náà, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ lọ sí apá kejì ọ̀já funfun, ẹ ṣe bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò máa lọ, apá kan, apá kejì, títí yóò fi bo igun. Ẹ jẹ́ kí ọ̀já wọn wà láàárín ínǹṣì 1½ sí 2½, kí wọ́n má dọ́gba. Bí ọ̀já bá tó mẹ́sàn-án nínú bùlọ́ọ̀kù kan, kí búráùn má ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, kí búráùn méjì tó ṣú bákan náà má sì fara kan ara wọn. Aró àti àwọ̀ òfuurufú ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dára jù; mi ò rò pé ohun kan wà tó ń gbé búráùn yọ tó aró.

Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14, òwú aláwọ̀ eérú. Ẹ jẹ́ kí ìrán kéré, nǹkan bíi 12 nínú ínǹṣì kan, torí ẹ óò gé orí àwọn ìlà wọ̀nyí dànù, èyí tó bá gùn yóò tú.

Ti èyí tó ká sókè. Ohun mẹ́ta ló sábà ń fà á. Àkọ́kọ́, ẹ fa ọ̀já nígbà tí maṣíìnì ń gbé e lọ. Ó nà, ó wá fẹ́ padà sí bó ṣe wà, ó sì fa aṣọ abẹ́ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí eyín maṣíìnì gbé e fúnra rẹ̀. Èkejì, ẹ gé ọ̀já ní dàgẹ̀rẹ̀ sí òwú aṣọ. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á wò ní gígùn: bó bá nà bíi rọ́bà, ó yẹ kí ẹ gbé e sí igun, níbi tó ti kúrú, kì í ṣe àárín. Ẹ̀kẹta ni áyọ́ọ̀nù. Ẹ máa gbé e lé aṣọ, kí ẹ tún gbé e kúrò. Ẹ má tì í síwá sẹ́yìn bí ẹni ń lọ ṣòkòtò. Èyí méjì tó ti ká yẹn, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e láti ẹ̀yìn. Bí kò bá tẹ́jú, ẹ tú ọ̀já tó nà yẹn nìkan.

Ẹ gé páálí líle sí ínǹṣì 9½ sí 9½, kí ó dọ́gba gan-an. Ẹ da bùlọ́ọ̀kù dojú délẹ̀, kí igun páálí méjì wà lórí ọ̀já àárín, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, kí ẹ gé e. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti gé e, torí ibẹ̀ ni ẹ ti ń rí aṣọ abẹ́ kedere. Bí ẹ bá to mẹ́rin pọ̀ kí ọ̀já funfun wọn yí àárín ká, wọn yóò di dáyámọ́ǹdì kan, búráùn á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tò gbogbo wọn sórí ilẹ̀ kí ẹ tó rán wọn. Ojú ìrán tó so bùlọ́ọ̀kù pọ̀, ẹ là á sí méjì kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Bí ẹ bá dá gbogbo rẹ̀ sí apá kan, yóò di kókó.

Pẹ̀lú ooru tiwa yìí, ẹ má fi fóòmù sí inú rẹ̀. Aṣọ ẹ̀yìn kan ti tó, yóò sì gba otútù ọyẹ́. Yáàdì 5 aṣọ ínǹṣì 45 ni: ẹ gé e sí méjì, ẹ rán an pọ̀ ní gígùn. Ẹ fi òwú dì í mọ́ra ní gbogbo igun tí bùlọ́ọ̀kù ti pàdé.

Etí rẹ̀ yóò gba ọ̀já tó fẹ̀ ní ínǹṣì 2½, tó gùn ní ínǹṣì 306, kí ẹ fi bíi 12 kún un fún ibi tí ẹ óò ti so ó pọ̀. Búráùn tó ṣú jù lọ nínú àpò ni kí ẹ fi ṣe é. Etí ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń kàn lójoojúmọ́, òun ni kò sì ní tètè fi ìdọ̀tí hàn.