Ẹ yé da ọ́ìlì sínú táńkì epo Bajaj yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìdànrè ni mò ń gbé, ọ̀kadà Bajaj Boxer 100 ni mo fi ń kó èrò àti kòkó wọ Àkúrẹ́. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo á ti kú, ọkọ̀ á máa kọsẹ̀, á sì dá mi dúró sójú ọ̀nà. Mẹkáníìkì mi ní epo òde òní ti gbẹ jù, pé kí n máa da ìdérí ọ́ìlì kan sínú táńkì nígbàkigbà tí mo bá ra epo. Mò ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì yí padà. Mo ti pààrọ̀ kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Irú púlọ́ọ̀gì wo ni kí n rà tó máa pẹ́?

Ìdáhùn: Kò sí púlọ́ọ̀gì tó máa pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń bu ọ́ìlì fún mu. Ohun tó ń pa púlọ́ọ̀gì ló yẹ kí ẹ béèrè, apá kan ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìdérí ọ́ìlì yẹn. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí. Láti Ìjọ̀kà dé Ọ̀bá-Ilé, ìmọ̀ràn yìí kan náà ni wọ́n ń fún àwọn ọlọ́kadà, ó sì ń dùn mí, torí owó oúnjẹ ilé ló ń bá èéfín lọ.

Ìmọ̀ràn náà ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Tú-sítíróòkù ni àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bíi Suzuki AX100. Nínú irú wọn, abẹ́ písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ni epo àti afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń gbà kí wọ́n tó gòkè lọ jó, kò sì sí ọ́ìlì kankan tó jókòó síbẹ̀. Ọ́ìlì tó bá bá epo wọlé ló ń dé ara bẹ́ríìnì àti písítìnì. Tí kò bá sí i, ẹ́ńjìnnì á gan. Ẹni tó fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́ kò ṣi sọ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n fóò-sítíróòkù ni Boxer. Ọ́ìlì tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, bíi lítà kan. Pọ́ǹpù kékeré kan ń gbé e lọ sókè síbi fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, ó sì ń ta láti ìsàlẹ̀ sára sílíńdà, ihò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀. Ríìngì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lára písítìnì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ha ọ́ìlì yẹn kúrò, kó má baà dé ibi tí epo ti ń jó. Wọ́n ṣe odindi ríìngì kan nítorí kí ọ́ìlì má dé ibẹ̀, ẹ wá ń gba ẹnu táńkì bù ú síbẹ̀! Ọ̀rọ̀ pé epo gbẹ kò kan Boxer rárá, torí wọn ò gbé e lé epo lọ́wọ́ láé pé kó bá a fi ọra sí písítìnì.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ́ìlì kì í jó tán bíi epo. Èyí tí kò jó á di èédú, á lẹ̀ mọ́ orí písítìnì, á lẹ̀ mọ́ fáàfù, á sì lẹ̀ mọ́ ara tánganran funfun tó wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Èédú yẹn máa ń gbé iná kọjá. Iná tó yẹ kó fò láti irin àárín bọ́ sí irin ẹ̀gbẹ́ á gba ara èédú sá lọ sára ẹ́ńjìnnì, ẹ ò sì ní rí iná kankan. Ohun tí ẹ ń pè ní púlọ́ọ̀gì tó kú nìyẹn. Tí èédú bá tún há sábẹ́ fáàfù èéfín, fáàfù ò ní padé dáadáa mọ́, ọkọ̀ á wá sọ agbára nù lórí òkè.

Ẹ gbọn gbogbo epo tó wà nínú táńkì jáde, kí ẹ sì tú ìdè kékeré tó wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀ kí tinú rẹ̀ náà dà nù. Kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí ẹ jìnnà sí iná àti sìgá. Ẹ fi epo lásán sí i, ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i wọlé títí yóò fi jókòó, kí ẹ tó fi sípánà fún un ní ìlàjì yíyí péré. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá fi agbára dè é á ba ojú ihò rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fi sáńpépà ha púlọ́ọ̀gì àtijọ́, ẹ má sì sun ún nínú iná.

Ẹ wá gùn ún bíi ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tú púlọ́ọ̀gì náà wò. Ibí yìí ni ẹ ti máa rí òótọ́. Tí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ búráùn tó fẹ́ẹ́rẹ́, tó gbẹ, ara rẹ̀ yá, ọ́ìlì inú táńkì ló ń pa á tẹ́lẹ̀. Tó bá funfun bí ẹfun, ooru ti pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí kò yẹ. Ẹ má fi ẹrù gun òkè kankan títí ẹnì kan yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Tó bá dúdú, tó gbẹ, tó ń bọ́ sọ́wọ́ bí èédú ẹ̀yìn ìkòkò, epo ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ wò ó bóyá ṣóòkì tó ń dín afẹ́fẹ́ kù ò há, kí ẹ sì ṣí fílítà afẹ́fẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan kábúrétọ̀. Erùpẹ̀ pupa ojú ọ̀nà oko àti eruku ọyẹ́ ń di fílítà pa kíákíá. Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dénú, ẹ ta ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ fún un gbẹ. Tó bá jẹ́ oníwèé, a kì í fọ̀ ọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má yọ fílítà dànù, ẹ má fi kànrìnkàn dípò rẹ̀. Iyanrìn tó bá wọlé ni yóò ha sílíńdà, ìyẹn sì ni ìnáwó gidi.

Tó bá dúdú, tó tutù, tí ọ́ìlì ń yọ̀ lára rẹ̀ nígbà tí ẹ ò da nǹkan kan sínú táńkì mọ́, ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ló ń gòkè. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ́ìlì ìsàlẹ̀ kọjá ìwọ̀n, torí èyí tó bá pọ̀ jù á gba ihò ìmí ẹ́ńjìnnì lọ sínú àpótí fílítà. Tí kò bá kọjá ìwọ̀n, ẹ wo èéfín. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Ìdànrè láìfún un ní iná, tí èéfín aláwọ̀ aró wá tú jáde bí ẹ ṣe fún un, rọ́bà ara fáàfù ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ń rú èéfín yẹn ní gbogbo ìgbà tó ń fa ẹrù, ríìngì tàbí sílíńdà ni.

N kò rí ọkọ̀ náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tú ẹ́ńjìnnì nítorí ọ̀rọ̀ mi nìkan. Kí mẹkáníìkì tó ní géèjì wọn ìfúnpọ̀ rẹ̀, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ṣe ń le tó nígbà tí písítìnì bá tẹ̀ ẹ́, kó ta ọ́ìlì bíi ṣíbí tíì kan sínú ihò púlọ́ọ̀gì, kó sì tún un wọ̀n. Tí nọ́ńbà bá gòkè dáadáa, ríìngì tàbí sílíńdà ló jẹ. Tí kò bá yí padà, kí wọ́n lọ wo fáàfù. Bó bá sì jẹ́ ríìngì, ẹ má gbà kí wọ́n kàn ki ríìngì tuntun sínú sílíńdà tó ti jẹ. Kí wọ́n wọn ojú rẹ̀ níṣojú yín. Tó bá ti jẹ kọjá ààlà, kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi písítìnì tó tóbi sí i bá a mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, oṣù díẹ̀ ni ẹ ó tún padà san owó yẹn.