Wákàtí 20 Lọ́sẹ̀: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Kà Á?

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe lókè òkun ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Mẹ́rin la dáhùn níbí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹsàn-án ni mo ń lọ ṣe másítàsì ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ajẹ́ńtì ní kí n san ìdajì owó ilé-ìwé, pé iṣẹ́ tí mo bá ṣe níbẹ̀ á san ìyókù. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni mo lè ti ṣe sílẹ̀ láti ilé? — Akẹ́kọ̀ọ́jáde, Sábó, Ilé-Ifẹ̀

Kì í ṣe òótọ́ rárá. Ẹ gbé bírò, ká jọ ṣírò rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2026, owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún ẹni tó ti pé ọdún 21 ni £12.71 fún wákàtí kan. Wákàtí 20 tí físà yín gbà láyè lọ́sẹ̀ jẹ́ £254.20. Bí ẹ bá ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìfo ọ̀kan, nǹkan bí £1,101 ni lóṣù. Ìjọba tó ń fún yín ní físà, £1,171 lóṣù ló ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní gbé ní London fi hàn pé òun ní fún ilé àti oúnjẹ. Iṣẹ́ yẹn ò tíì bo ilé àti oúnjẹ tán, owó ilé-ìwé wo ló fẹ́ san? Wọn kì í sì í ka owó iṣẹ́ tí ẹ ò tíì ṣe mọ́ ọn: owó náà gbọ́dọ̀ ti sùn sí àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko. Bí owó ilé-ìwé ò bá tíì pé, ó sàn kí ẹ sún ìrìn-àjò náà síwájú.

Ní ti ìmúrasílẹ̀, ẹ tún CV yín kọ. Ẹ yọ fọ́tò, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìjọba ìbílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kúrò. Ojú ewé méjì ti tó. Bí ẹ bá ti dúró ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n yín rí, tí ẹ ń gbowó, tí ẹ ń ka ọjà lálaalẹ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ má kọ pé ẹ “ran ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́”. Ẹ wá ẹni méjì tó lè jẹ́rìí yín, olùkọ́ tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́, kí wọ́n lo ímeèlì ilé iṣẹ́ wọn, torí ọ̀pọ̀ ibi ni kò fẹ́ Gmail. Bí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó bá wà lọ́kàn yín, ẹ gba ìwé ọlọ́pàá tó fi hàn pé ẹ ò lẹ́jọ́ lọ́rùn kí ẹ tó kúrò nílé, torí wọ́n lè béèrè rẹ̀.

Tí ẹ bá débẹ̀, share code, ìyẹn kóòdù tó ń fi hàn pé òfin gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́, ni agbanisíṣẹ́ máa kọ́kọ́ béèrè. Orí ìkànnì ìjọba lẹ ti máa gbà á lọ́fẹ̀ẹ́: lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni, ọjọ́ 90 ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W. Nọ́ńbà National Insurance, èyí tí wọ́n fi ń kọ owó orí yín sílẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó jáde. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó wá iṣẹ́ fún yín ti rú òfin ibẹ̀.

Ibi tó ń jẹ owó ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni fọ́ọ̀mù owó orí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ń kọ, tí wọ́n ń pè ní starter checklist. Ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ kankan láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, A ni kó mú. Tó bá ṣèèṣì mú C, tó wà fún ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn, kóòdù owó orí BR ni yóò rí lórí payslip rẹ̀, wọ́n á sì máa yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ fún owó orí: nínú £254.20, £50.84 ti lọ. Kóòdù tó yẹ kí ẹ rí ni 1257L. Bí BR bá ti wọlé, ẹ kàn sí HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ibẹ̀, kíákíá, wọ́n á dá owó náà padà.

Ọmọ mi tó ń ṣe másítàsì ọlọ́dún kan parí ìdánwò ní oṣù karùn-ún. Ó ní họlidé ti dé, pé ilé ìtọ́jú arúgbó ń fún òun ní wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. — Ìyá kan, Òkèṣà, Iléṣà

Mà, ẹ pè é lónìí. Òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣe iṣẹ́ kíkún ní họlidé, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, oṣù tí ọmọ másítàsì fi ń kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kì í ṣe họlidé. Àwọn ọmọ dìgírì àkọ́kọ́ ló wà ní họlidé nígbà yẹn. Tirẹ̀ ṣì jẹ́ wákàtí 20 títí ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ parí. Kó lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí físà ní yunifásítì rẹ̀, kó gba lẹ́tà tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Kó tún mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀sẹ̀. Àwa ń pe Àìkú ní ọjọ́ kìíní. Ọ̀sẹ̀ tiwọn, láti Ajé sí Àìkú ni. Wọn kì í fi ọ̀sẹ̀ kan dí òmíràn: 10 lọ́sẹ̀ yìí, 30 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti rú òfin. Bó bá ń ṣiṣẹ́ níbi méjì, àpapọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Shift alẹ́ ló máa ń tan wọ́n jẹ jù. Ẹni tó ti ṣe wákàtí 18 láti Ajé sí Àbámẹ́ta, tó wá wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́ Àìkú títí di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Ajé, wákàtí mẹ́rin ti bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ tó ń parí. Ó ti di 22. Mẹ́jọ tó kù bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tuntun. Ìwé kékeré kan tó ń kọ wákàtí rẹ̀ sí lójoojúmọ́ á gbà á.

Agbanisíṣẹ́ tó bá gbà á síṣẹ́ kọjá òfin lè san ìtanràn tó tó £45,000. Ti ọmọ yín le jù bẹ́ẹ̀: wọ́n lè fagi lé físà rẹ̀, gbogbo owó ilé-ìwé tí ẹ san á sì di òfo.

Irun ni mo ń dì. Ṣé mo lè máa dì í fún àwọn èèyàn nínú yàrá mi níbẹ̀? — Onídìrí, Mayfair, Ilé-Ifẹ̀

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò gba iṣẹ́ ara-ẹni: irun, títa àdìrẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí gbígbé oúnjẹ lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó dá dúró. Yíyá àkáǹtì áàpù ẹlòmíràn lò láti fi gbé oúnjẹ kò yí i padà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù onídìrí lè gbà yín síṣẹ́, kó máa san owó yín pẹ̀lú payslip. Ọwọ́ yín á sì wúlò níbẹ̀.

Ṣé wákàtí 20 náà ni ní orílẹ̀-èdè yòókù? — Òǹkàwé, Iléṣà

Ó yàtọ̀. Kánádà, 24 lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé. Ọsirélíà, 48 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Jámánì ń ka ọjọ́: 140 ọjọ́ kíkún tàbí 280 ààbọ̀ ọjọ́ lọ́dún. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní F-1 lè ṣe wákàtí 20 nínú ọgbà yunifásítì rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, kó má wá iṣẹ́ kọjá géètì.