Òjé ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn: ṣé òjé líle ni oògùn rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Revolver .38 Special ni mo fi ń yìnbọn sí àmì lórí bébà, mo sì ní ìwé àṣẹ. Èmi fúnra mi ni mo ń yọ́ òjé dà sí mọ́ọ̀dù wadcutter, èyí tó ní ihò nídìí. Bí mo bá ti yìn tó ogún, òjé á ti lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn, ọta ò sì ní lọ síbi tí mo fojú sùn mọ́. Àwọn tí a jọ ń yìn ín ní òjé mi ló rọ̀ jù. Wọ́n ní kí n po òjé líle àwọn atẹ̀wé mọ́ ọn, kí n sì fi kún ẹ̀tù. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kí n máa yin ọta tí a fi bàbà bò kan tàbí méjì kẹ́yìn, pé á gbá òjé náà jáde. Ìwọ̀n òjé líle mélòó ni kí n pò, ẹ̀tù mélòó sì ni kí n lò?

ÌDÁHÙN: Ẹ má po òjé líle kankan mọ́ ọn, ẹ má sì fi ẹ̀tù kún un. Bí ẹ bá ti di ọta díẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tí wọ́n júwe fún yín yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn ín. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé léraléra ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ẹni tó ń béèrè sì sábà máa ń ti gbọ́ ìdáhùn búburú níbòmíràn kó tó dọ́dọ̀ mi. Ohun tí wọ́n ń pè ní oògùn yẹn gan-an ni àìsàn.

Fún ẹni tí kò mọ ohun tí à ń sọ: wadcutter ni ọta tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìdí agolo. Bó bá kan bébà, ihò róbótó tó mọ́ ni yóò gé, kò ní fa bébà ya, ẹni tó ń ka máàkì á sì rí i kedere. Ti .38 Special tó wọ́pọ̀ ń wọn 148 grain, nǹkan bíi gíráàmù 9.6. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń dà nílé ni èyí tí ìdí rẹ̀ dí. Tiyín tó ní ihò nídìí ṣọ̀wọ́n nílé, ilé-iṣẹ́ la ti sábà ń rà á, torí mọ́ọ̀dù rẹ̀ nílò irin ṣóńṣó kan tí yóò dá ihò náà, irin yẹn a sì máa dá iṣẹ́ dúró.

Ẹ mú ọ̀kan nínú ọta yín nísinsìnyí, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀. Ihò yẹn jìn tó bẹ́ẹ̀ tí etí tó yí i ká fi tinrin bí etí ife. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ etí yẹn. Bí ẹ̀tù bá gbiná, gáàsì gbígbóná á rọ́ wọ inú ihò náà, á ti etí yẹn síta yíká, títí yóò fi fara kan ògiri ọ̀pá ìbọn, tí yóò kún inú àwọn kòtò lílọ́ tó wà níbẹ̀. Kò ní sí àlàfo tí gáàsì lè gbà kọjá mọ́. Bí ìgbà tí èèyàn ki aṣọ bọ ẹnu ìgò ni. Òjé tó bá rọ̀ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀tù wadcutter kéré, ipá rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Òjé líle ńkọ́? Lórí òṣùwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Brinell, òjé lásán kò ju nǹkan bíi 5 lọ. Òjé àwọn atẹ̀wé, ìyẹn linotype, tó ní antimony (èròjà kan tó ń mú òjé le) bíi 12 àti tánńganran bíi 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ń lọ sí nǹkan bíi 22. Ìlọ́po mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ da ọta oníhò, gáàsì á wọ inú ihò, á ti etí, etí ò ní mira. Ọta á máa lọ nínú ọ̀pá pẹ̀lú àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gáàsì á sì máa gba àlàfo yẹn kọjá bí iná tí wọ́n fi ń jó irin.

Ibí yìí ni àṣìṣe náà fìdí múlẹ̀ sí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irin ọ̀pá ìbọn ló ń ha òjé kúrò lára ọta nítorí pé òjé rọ̀, bí ẹní fi ọ̀bẹ ha ọṣẹ. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, líle ìbá jẹ́ oògùn rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ nínú ìbọn tí ipá rẹ̀ kéré báyìí, gáàsì tó ń jò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọta ló ń ṣe iṣẹ́ ibi. Ó ń bó ẹ̀gbẹ́ ọta, ó ń fẹ́ ìda tí a fi pa á lára dànù, ó sì ń tẹ òjé yíyọ́ mọ́ ara irin níwájú. Ọta tó bá dí ọ̀pá dáadáa, bó tilẹ̀ rọ̀ bí òjé lásán, á kọjá tónítóní. Ọta tó bá kéré ju ọ̀pá lọ, bó le bí òkúta, á fi òjé sílẹ̀. Mo ti rí méjèèjì lórí tábìlì mi ju ìgbà tí mo lè kà lọ.

Nípa fífi kún ẹ̀tù, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Etí tinrin tí mo ní kí ẹ wò yẹn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ipá bá pọ̀ jù, iwájú ọta á já kúrò lára etí rẹ̀, á jáde lọ kan bébà, etí á sì dúró sínú ọ̀pá bí òrùka. Ẹni tó ń yìnbọn lè má mọ̀, torí ó rí ihò lórí bébà. Ọta tó tẹ̀ lé e ló máa pàdé òrùka náà. Wọ́n gbé revolver kan wá bá mi pé kò yìn tààrà mọ́. Mo kọjú ọ̀pá rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, mo wò ó láti ẹ̀yìn, mo sì rí òjìji dúdú kan tó yí ká inú rẹ̀. Nígbà tí mo fi ìka tọ ìta ọ̀pá, ó wú níbẹ̀. Ọ̀pá tuntun ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ọwọ́ olówó ìbọn kò fara pa, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn ju ohunkóhun lọ.

Ó tún ku ọ̀kan. Wadcutter ń wọlé pátápátá sínú èèpo ọta, ìyẹn agolo idẹ tó gba ẹ̀tù sínú, orí rẹ̀ á bá ẹnu èèpo dọ́gba. Àyè tó kù fún ẹ̀tù nísàlẹ̀ kò wá pọ̀. Nítorí náà, iye ẹ̀tù tí ìwé kọ fún ọta mìíràn, kódà tí wọ́n bá wọn bákan náà, kì í ṣe ti wadcutter. Ààlà ipá .38 Special lásán lábẹ́ ìlànà Amẹ́ríkà jẹ́ 17,000 psi (òṣùwọ̀n ipá gáàsì), wadcutter oníhò sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìyẹn dáadáa. Nítorí èyí ni mi ò fi ní kọ nọ́ńbà ẹ̀tù kankan síbí. Mi ò rí ìbọn yín, mi ò rí ẹ̀tù yín, mi ò sì mọ òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọ̀n. Ẹ ṣí ìwé ìtọ́sọ́nà tuntun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù náà tẹ̀ jáde, ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti kọ ọta oníhò nídìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ohun tí wọ́n kọ, ẹ má sì kọjá òkè rẹ̀. Ẹ̀tù wadcutter kéré débi pé ìlọ́po méjì rẹ̀ lè gba inú èèpo láìsí pé ó kún. Ẹ to gbogbo èèpo sí pátákó oníhò, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ẹ wo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi ọta lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí wàhálà yín ti lè wá. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tú gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn, ẹ wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nínú sìlíńdà, ìyẹn ibi tó ń yí tí ọta máa ń wà, ẹ tún un wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí òjé lẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ nítòsí ibi tí ọta ti ń wọ ọ̀pá, ìwọ̀n ọta, ìyẹn bó ṣe fẹ̀ tó, ni ẹ̀sùn kàn. Bó bá jẹ́ ní ìhà ẹnu ìbọn, ìda tí ẹ fi ń pa ọta ló tán lójú ọ̀nà. Tiyín tó ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ogún ọta, èmi á kọ́kọ́ fura sí ìwọ̀n.

Ẹ wọn ọ̀fun ihò sìlíńdà, ìyẹn iwájú ihò kọ̀ọ̀kan níbi tí ọta ti ń jáde lọ bá ọ̀pá. Ẹ mú ọta tí ẹ dà, kí ẹ fi ìka tì í gba ibẹ̀ kọjá. Ó yẹ kó gba agbára ìka díẹ̀ kó tó kọjá. Bó bá já bọ́ fúnra rẹ̀, ó kéré. Ọta .38 sábà máa ń jẹ́ .358 ínǹṣì, ṣùgbọ́n ọ̀fun àwọn ìbọn kan tóbi ju bẹ́ẹ̀, ti àwọn mìíràn sì há. Èyí tó há burú jù: bí ọ̀fun bá kéré ju kòtò inú ọ̀pá lọ, ọ̀fun á ti fún ọta pọ̀ kó tó dé ọ̀pá. Ẹ má fi ìyànrìn bébà gbòòrò sí i nílé o. Atún-ìbọn-ṣe tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ ló ni iṣẹ́ yẹn.

Láti wọn ọ̀pá fúnra rẹ̀, ẹ fi òróró pa òjé rírọ̀ kan, ẹ fi igi tàbí ọ̀pá idẹ rọra gbá a gba inú ọ̀pá kọjá, kí ẹ wá wọn òjé náà. Ẹ fọkàn sí ọwọ́ yín bí ẹ ti ń tì í: ibi tó bá ti há lójijì, ọ̀pá fún níbẹ̀. Ọ̀pá ìbọn ilé-iṣẹ́ Smith & Wesson ní kòtò 5, kòtò kò sì dojú kọ kòtò, micrometer lásán, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, á parọ́ fún yín lórí irú rẹ̀. Ẹ wá èyí tí ẹnu rẹ̀ rí bíi V.

Mo fi èyí tí àwọn èèyàn kì í ronú kàn sẹ́yìn: èèyàn lè da ọta tó péye, kí èèpo tún bà á jẹ́. Ògiri èèpo ọta máa ń nípọn sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ọta mìíràn kì í dé ibi tó nípọn yẹn, wadcutter ń dé ibẹ̀. Ìdí rẹ̀ á wọ ibi tó há, òjé rírọ̀ á sì fún pọ̀ láìsí ariwo. Ẹ di ọ̀kan láìsí ẹ̀tù, láìsí primer tó ń ta iná sí i, ẹ fa ọta náà yọ padà, ẹ wọn ìdí rẹ̀. Bó bá wọlé ní .358 tó sì jáde ní .355, ẹ ti rí olè náà. Èèpo tí wọ́n ṣe fún wadcutter ní ògiri tinrin lọ sísàlẹ̀. Òun ni kí ẹ wá. Ihò ìdí lè tún irú fífún bẹ́ẹ̀ ṣe bó bá fẹ̀, bí òjé bá rọ̀. Ẹ rí i pé a tún padà sórí rírọ̀.

Ẹ wo ọta fúnra rẹ̀ náà. Ẹ fi ayùn kékeré la ọ̀kan sí méjì láti òkè délẹ̀. Bí etí ọ̀tún bá nípọn ju ti òsì lọ, irin ṣóńṣó mọ́ọ̀dù yín ti yẹ̀, etí náà á fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú èkejì, ọta á sì máa rìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́. Bí etí bá ṣíṣẹ́ tàbí ó hunjọ, irin náà tutù jù. Ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ má ṣe kánjú. Òjé lásán ń yọ́ ní nǹkan bíi 327°C, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ gbígbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa kó tó kún mọ́ọ̀dù. Tánńganran kékeré bí ẹyọ kan nínú ogójì á ràn án lọ́wọ́ láìsọ ọ́ di líle.

Ọta tí a fi bàbà bò láti gbá òjé jáde: rárá. Òjé tó wà níbẹ̀ ti sọ ọ̀nà di tóóró, ẹ sì fẹ́ fi ohun tó le ju òjé lọ gba ibẹ̀ kọjá. Wáyà bàbà tí a wé mọ́ búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ po fínígà mọ́ hydrogen peroxide bọ inú ọ̀pá. Ó ń fọ òjé kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ di omi májèlé tó lè gba awọ ara wọlé.

Ní ti ìlera, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní fò ó. Ìta tàbí ibi tí atẹ́gùn ti ń kọjá dáadáa ni kí ẹ ti yọ́ òjé. Eérú tí ẹ ń gbá kúrò lójú òjé ni kí ẹ bẹ̀rù jù, òun àti eruku tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti aṣọ. Ẹ má jẹ, ẹ má mu níbẹ̀, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó kan ẹnikẹ́ni, kí aṣọ iṣẹ́ má bá aṣọ ọmọ pọ̀. Ọmọdé àti aboyún kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá kán sínú ìkòkò òjé lè fọ́n gbogbo rẹ̀ sí yín lójú. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n wo iye òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín.

Ẹ padà sí òjé rírọ̀ yín, ẹ padà sí ìsàlẹ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà, kí òfin ibi tí ẹ wà sì máa jẹ́ àkọ́wò yín lórí dídi ọta nílé. Ẹ wọn ọ̀fun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀pá, àti ìdí ọta tí ẹ fà yọ láti inú èèpo, kí ẹ kọ nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa sọ èyí tó kù-díẹ̀-káàtó fún yín.