Ṣé ọ̀dọ̀ Òòṣàálá ni "ojalá" àwọn ará Sípéènì ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èdè Sípéènì ni mò ń kọ́ lọ́wọ́, mo sì rí i pé "¡Ojalá!", tí wọ́n fi ń sọ pé "kó rí bẹ́ẹ̀ o", kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òòṣàálá tí àwọn baba wa gbé dé Kúbà ni wọ́n ń pè. Ọmọ ìjọ ni mí. Ṣé mo lè máa sọ ọ́?

Ìdáhùn: Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti wà lẹ́nu àwọn ará Sípéènì tipẹ́ kí wọ́n tó kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà. Àwọn Mùsùlùmí wọ ilẹ̀ Sípéènì ní 711, a kò sì gba ìjọba lọ́wọ́ wọn tán títí Granada fi bọ́ lọ́wọ́ wọn ní 1492. Nínú nǹkan bí 800 ọdún yẹn ni "law šá lláh" di "oxalá". Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ "in šāʼ Allāh" tí àwọn Mùsùlùmí wa ń sọ: èyí ni "bí Ọlọ́run bá fẹ́", ṣùgbọ́n ti "law" sún mọ́ "ìbá ṣe pé Ọlọ́run fẹ́".

Láyé ìgbà náà, x wọn ń dún bí ṣ tiwa. Ìró náà sún sẹ́yìn títí ó fi di h líle tó ń ha ọ̀fun, àmọ́ ọdún 1815 ni Real Academia Española, àjọ tó ń bójú tó èdè Sípéènì, tó fi j rọ́pò x nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Quixote, orúkọ akọni inú ìwé ìtàn Sípéènì kan tó jáde ní 1605, fi di Quijote. Àwọn Potogí kò yí tiwọn padà: "oxalá" ni wọ́n ṣì ń kọ, "oṣalá" ló sì ń dún létí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rẹ́ yín ti ṣìnà, mi ò sì dá a lẹ́bi, nítorí pé Oxalá tí wọ́n ń torí rẹ̀ wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Ẹtì ní Bràsíl, Òòṣàálá wa ni lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan ló kàn jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Bí ẹnìkan bá ní ẹ ó yege, "¡Ojalá!" nìkan ti tó, bí àwa náà ṣe ń dáhùn pé "Kó rí bẹ́ẹ̀ o." "Ojalá llueva" ni "kí òjò rọ̀ o", "ojalá hubiera llovido" ni "òjò ìbá ti rọ̀." Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ní Sípéènì ń sọ ọ́ láìwo ibi tó ti wá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe ń tọrọ àlàáfíà àti àlùbáríkà, tí í ṣe Lárúbáwá bákan náà. Ẹ máa sọ ọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀lé e ni kí ẹ ṣọ́: "llueva" (kí òjò rọ̀) ni, kì í ṣe "llueve" (òjò ń rọ̀).