Ṣé ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún méjì láti community college (ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì ní Amẹ́ríkà) tó láti fi di ọlọ́pàá ní California?

Rárá, ìwé-ẹ̀rí náà nìkan kò tó. Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì ni: òfin, ẹ̀rí, ìwádìí ọ̀ràn, nǹkan bíi 60 yúníìtì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ ẹ̀kọ́). Ohun tó jẹ́ dandan ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá tí POST, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń ṣe ìlànà iṣẹ́ náà, fọwọ́ sí. Kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 664, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, ọkọ̀ wíwà àti bí a ṣe ń mú afurasí lábẹ́ òfin. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé àwọn community college kan, bíi Rio Hondo, ní oríṣi ẹ̀kọ́ méjèèjì. Ẹ bèèrè dáadáa èyí tí ẹ ń forúkọ sílẹ̀ fún kí ẹ tó sanwó.

Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tó bá fẹ́ gbà yín yóò tún yẹ ìwà, ìlera àti ọpọlọ yín wò. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21. Láti 2023, kò pọn dandan kí ẹ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, bí ẹ bá ti ní àṣẹ iṣẹ́ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní òfin tiwọn.